Ohun Tí A Kò Rí: Ìtàn Bí Àwọn Aláwòrán Ṣe Kọ́ Láti Máa Dẹ́rù Ba Ènìyàn

Ní oṣù January ọdún 1854, Dókítà David Livingstone dé ìlú ọba kan tí à ń pè ní Shinte, láàrin àwọn ènìyàn Balonda, ní apá ilẹ̀ tí ó di Zambia lónìí. Ó gbé àtùpà kan lọ́wọ́ tí ó lè mú àwòrán tí a yà sára dígí, kí ó sì sọ ọ́ di ńlá lára aṣọ funfun. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí àwọn ìjòyè àti àwọn obìnrin ààfin sì ti péjọ, àwòrán tí ó kọ́kọ́ fi hàn wọ́n ni ti Ábúráhámù níbi tí ó gbé ọ̀bẹ sókè láti fi Ísáákì ọmọ rẹ̀ rúbọ. Àwọn obìnrin náà jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń fi ìbẹ̀rù gbọ́ ìtàn náà. Ṣùgbọ́n bí Livingstone ti fọwọ́ kan dígí náà láti yí i kúrò, ọ̀bẹ ṣí nípò rẹ̀, ó sì dàbí ẹni pé ọ̀dọ̀ wọn ni ó ń bọ̀. Wọ́n figbe ta, wọ́n ń ké pe ìyá wọn, wọ́n túká, wọ́n sì ń ṣubú lu ara wọn. Kò sí ẹni tí ó lè mú ọ̀kan nínú wọn padà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọba Shinte ní tirẹ̀ kò mira. Ó jókòó títí ó fi parí, lẹ́yìn náà ni ó sún mọ́ àtùpà náà tí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ ìtàn yìí tí wọ́n sì ń fi àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwòrán ọ̀bẹ náà ti wà níwájú wọn fún ìgbà díẹ̀, wọn kò sì sá. Ìgbà tí ó ṣí nípò, tí wọn kò sì mọ ibi tí yóò dúró sí, ni àyà wọn já. Ohun tí ènìyàn bá rí ní àrítán, yóò fi ojú wọ̀n ọ́n, yóò sì mọ̀ bóyá òun lè bá a jà tàbí kí òun sá fún un. Èyí tí a kò rí tán, tàbí tí a rí tí a kò mọ ibi tí ó ń lọ, kò ní òdiwọ̀n. Lórí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni gbogbo ọgbọ́n tí àwọn onísinimá fi ń dẹ́rù bà wá dúró lé. Ó sì gbà wọ́n ju 300 ọdún lọ láti kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni àìní àti àṣìṣe ni ó kọ́ wọn ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí Livingstone kọ sílẹ̀ tí n kò fẹ́ kí a gbàgbé. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun bá fi àtùpà náà hàn, òun a máa ṣàlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iṣẹ́ ẹ̀mí ni.

Àtùpà náà ti di arúgbó nígbà ayé Livingstone. Christiaan Huygens, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Hóláǹdì, ni a kà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é. Ní 1659 ó ya àwòrán kéékèèké mélòó kan sínú ìwé rẹ̀ láti lò fún un. Kí ni ó yà? Kò ya òdòdó, kò sì ya áńgẹ́lì. Eegun òkú ni ó yà, tí ó nà ró, tí ó ń ṣí agbárí rẹ̀ kúrò lọ́rùn tí ó sì tún ń gbé e padà síbẹ̀. Èyí fi hàn pé láti ìgbà ọmọdé àtùpà yìí ni a ti fi í dẹ́rù ba ènìyàn. Ó dàbí ẹni pé ojú ti Huygens pàápàá, nítorí nígbà tí bàbá rẹ̀ bèèrè ọ̀kan ní 1662 láti fi hàn ní ààfin ọba Faransé, ó kọ̀wé sí Lodewijk àbúrò rẹ̀ pé kí ó yọ dígí kan kúrò lára rẹ̀ kí ó má baà ṣiṣẹ́.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e kò tijú. Ní ìlú Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Johann Georg Schröpfer, tí ó ní ilé kan tí àwọn ènìyàn ti ń mu kọfí. Ó sọ fún wọn pé òun lè pe òkú. A máa kó wọn sínú yàrá dúdú, a máa gbàdúrà, a máa sun tùràrí. Lẹ́yìn náà ni ojú òkú yóò hàn nínú èéfín, tí yóò sì máa mì bí èéfín ti ń mì, nítorí pé àtùpà kan tí ó fi pamọ́ ni ó ń tan àwòrán sára èéfín náà. Àwọn ènìyàn ńlá gbà á gbọ́. Ní October 1774 ó mú díẹ̀ nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lọ sínú igbó Rosental lẹ́bàá ìlú náà, a sì gbọ́ pé ó ti ṣèlérí ohun ìyanu fún wọn. Ó yà kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó sì yìnbọn pa ara rẹ̀. Bóyá ó ti tan àwọn ẹlòmíràn jẹ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tan ara rẹ̀ jẹ pẹ̀lú, Ọlọ́run ni ó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin kejì tí ó lo irú àtùpà kan náà. Étienne-Gaspard Robert ni orúkọ rẹ̀, ìlú Liège ni a bí i sí ní 1763, ṣùgbọ́n Robertson ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó gbọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ àti ti iná mànàmáná dáadáa. Ní 1798 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní Paris, nígbà tí ó sì di ọdún kejì, ó kó lọ sí ilé àtijọ́ kan tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ti gbé rí kí ọ̀tẹ̀ ńlá ilẹ̀ Faransé tó lé wọn jáde. Ẹ rántí irú àkókò tí ó jẹ́. Kò tíì pé ọdún 5 tí wọ́n ti ń bẹ́ orí àwọn ènìyàn ní ìta gbangba ní ìlú náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá wòran ni ó sì ní òkú tirẹ̀ lọ́kàn.

Ẹni tí ó bá wá yóò kọ́kọ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ṣókùnkùn, láàrin àwọn ohun tí ó jọ ibojì. Ohun kan kò ní ṣe é níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi dé yàrá ńlá, àyà rẹ̀ ti ń já. Níbẹ̀ ni wọn yóò pa fìtílà. Yóò gbọ́ òjò àti ààrá, yóò sì gbọ́ orin kan tí kò jọ ti dùùrù tí kò sì jọ ti fèrè, èyí tí à ń mú jáde nípa fífi ìka tútù ra etí ago dígí. Lẹ́yìn èyí, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan yóò hàn ní òkèèrè bí ẹyin iná. Yóò máa tóbi, yóò di ojú ènìyàn, yóò máa bọ̀, yóò máa bọ̀, títí àwọn èrò yóò fi rò pé ó ti dé ara àwọn. Nígbà náà ni yóò pòórá.

Báwo ni ó ti ń ṣe é? Ẹ̀yìn aṣọ ni ó gbé àtùpà rẹ̀ sí, kí àwọn èrò má baà rí i. Ó fi kẹ̀kẹ́ sí i nísàlẹ̀, ó sì tẹ́ irin méjì fún kẹ̀kẹ́ náà láti máa rìn lé. Bí ó ti ń fà á sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń tóbi sí i, tí dígí inú àtùpà náà sì ń ṣí díẹ̀díẹ̀ kí àwòrán má baà ṣú. Ó fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo ara dígí tí ó ya àwòrán sí, àfi ojú àwòrán nìkan, ìdí nìyẹn tí òkú náà fi dúró nínú òfìfo láìsí ìlà kankan yí i ká. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan níbẹ̀ ju èyí lọ: kẹ̀kẹ́, irin méjì, ọ̀dà, àti òkùnkùn.

Robertson kò sì fi í pamọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó sọ fún àwọn èrò rẹ̀ pé òun kì í pe òkú, pé ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀ ni òun ń lò; ó tilẹ̀ ń fi àwọn ohun èlò ẹ̀kọ́ hàn wọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ̀rù kò wá bà wọ́n mọ́ bí? Ó bà wọ́n gidigidi! Èyí ni ó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ìmọ̀ kò lé ẹ̀rù lọ kúrò nínú yàrá náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ilé Schröpfer jáde a máa lọ sùn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òkú ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn òun; ẹni tí ó bá ti ilé Robertson jáde a gbọ̀n díẹ̀, a rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, a sì lọ jẹ oúnjẹ alẹ́ rẹ̀. Robertson kú ní 1837. Lára ibojì rẹ̀ ní ìtẹ́ òkú Père Lachaise ní Paris, wọ́n gbẹ́ àwòrán àwọn èrò tí ẹ̀rù ń bà níwájú àwọn agbárí oníyẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ó di 1895, àwòrán tí ń rìn dé. A máa ń sọ pé nígbà tí àwọn ará Lumière fi ọkọ̀ ojú irin hàn nínú sinimá wọn, àwọn èrò dìde sá kúrò ní ìjókòó. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ kò rí ẹ̀rí tí ó dájú, n kò sì ní fi kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Èyí tí ó dájú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ti Georges Méliès, onídán kan ní Paris. Gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti sọ ọ́, ó ń ya àwòrán ìgboro ní ọjọ́ kan nígbà tí fíìmù há nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó tún un ṣe, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó wo ohun tí ó yà, ó rí i pé ọkọ̀ èrò tí ẹṣin ń fà ti di ọkọ̀ òkú ní ìṣẹ́jú akàn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti mọ̀ pé bí a bá dá ẹ̀rọ dúró, tí a pààrọ̀ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, tí a sì tún bẹ̀rẹ̀, ohun kan lè di òmíràn. Ní 1896 ó ṣe sinimá kan tí ó gùn tó bí ìṣẹ́jú 3, nínú èyí tí àdán ti di èṣù, tí ẹnìkan sì fi àgbélébùú lé èṣù náà lọ nígbẹ̀yìn. Ọgbọ́n náà dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. August 1903 ni sinimá kọ́kọ́ dé Èkó, ní Glover Memorial Hall. Nígbà tí àwọn òṣèré Yorùbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sinimá tiwọn ní nǹkan bí 1976, irú ìdádúró ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mú kí adáhunṣe pòórá níwájú ọ̀tá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Méliès fẹ́ kí a rẹ́rìn-ín ni. Ó ń fi gbogbo nǹkan hàn gbangba, ẹni tí ó bá sì rí gbogbo rẹ̀ kò ní ohun tí yóò máa fi ọkàn rò nígbà tí ó bá délé.

Àwọn ará Jámánì ni ó mú òkùnkùn padà wá. Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, nígbà tí òkú pọ̀ ní ilé wọn tí owó kò sì sí, wọ́n ṣe sinimá Caligari ní 1920, nínú èyí tí wọ́n ti fi ọ̀dà ya òjìji sára aṣọ àti ògiri wíwọ́. Ọdún 2 lẹ́yìn náà, F. W. Murnau gbé Nosferatu jáde, ìtàn òkú kan tí ń jí ní òru láti mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Nígbà tí òkú náà ń gun àkàsọ̀ lọ sí yàrá obìnrin tí ó fẹ́ pa, Murnau kò fi òun fúnra rẹ̀ hàn wá. Òjìji rẹ̀ nìkan ni a rí lára ògiri, pẹ̀lú ìka gígùn, ọwọ́ òjìji náà sì nà gùn bí ó ti ń na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Ara ènìyàn ní ìwọ̀n. Òjìji lè gùn tó bí ògiri bá ti gùn tó. A kò bá má rí sinimá yìí rárá lónìí. Àwọn tí ó ṣe é kò tọrọ àyè lọ́wọ́ opó Bram Stoker, ẹni tí ó ni ìtàn náà, ní 1925 ilé-ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n ba gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́. Àwọn díẹ̀ ti sá lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kí àṣẹ tó bá wọn.

Títí di àkókò yìí sinimá yadi. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ rò pé kí àwọn òṣèré máa sọ̀rọ̀ ṣáá ni. Fritz Lang rí ohun tí ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú sinimá rẹ̀ tí à ń pè ní M, tí ó jáde ní 1931, ọkùnrin kan wà tí ń pa àwọn ọmọdé. A kò rí i níbi tí ó gbé pa ọmọ kankan. Ìyá ń pe Elsie ọmọ rẹ̀. A rí àkàsọ̀ ilé tí kò sí ènìyàn lórí rẹ̀, a rí àwo oúnjẹ ọmọ náà lórí tábìlì, a rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ tí ó yí jáde láti inú koríko tí ó sì dúró. Ó parí. Apànìyàn náà a máa súfèé orin kan, nígbà tí ó sì yá, súfèé náà nìkan tó láti mú kí ara wa bù máṣọ láìrí ẹnikẹ́ni. Peter Lorre tí ó ṣe apànìyàn kò mọ súfèé; Lang fúnra rẹ̀ ni ó su ú. Afọ́jú kan tí ń ta bàlúùnù ni ó sì dá ọkùnrin náà mọ̀ nígbẹ̀yìn, nípa etí.

Síbẹ̀, bí olùkọ́ kan bá ní kí n mú sinimá kan ṣoṣo tí a lè fi kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí, Cat People ti 1942 ni n óò mú. Ilé-iṣẹ́ RKO ní Amẹ́ríkà gba Val Lewton síṣẹ́ kí ó máa ṣe sinimá ìdẹ́rùbani fún wọn. Àwọn ni yóò fún un ní orúkọ sinimá, yóò wá ìtàn sí i fúnra rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ná ju 150,000 dọ́là lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó kéré púpọ̀ ní ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí ó bá orúkọ yìí mu ni ti Irena, ọmọbìnrin kan láti Serbia, tí ó gbà pé bí ìfẹ́ tàbí owú bá gbóná nínú òun, òun yóò di ẹkùn dúdú. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ènìyàn di ẹkùn ní ọ̀nà tí ojú yóò gbà gbọ́. Bí wọ́n bá sì gbé awọ ẹranko wọ òṣèré, àwọn èrò yóò rẹ́rìn-ín. Lewton àti Jacques Tourneur tí ó darí eré náà bá pinnu pé àwọn kò ní fi ìyípadà náà hàn.

Irena ń jowú obìnrin kan tí ń jẹ́ Alice. Ní òru ọjọ́ kan Alice ń dá rìn lọ sílé lẹ́bàá ògiri ọgbà ńlá kan. Fìtílà ìgboro jìnnà sí ara wọn. Yóò wọ inú ìmọ́lẹ̀, yóò wọ inú òkùnkùn, yóò tún wọ inú ìmọ́lẹ̀. Kò sí orin kankan. Ìró bàtà rẹ̀ ni à ń gbọ́, kò-kò-kò, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni ìró bàtà kejì tí ń yára ju tirẹ̀ lọ. A mọ̀ pé Irena ni. Lójijì ìró bàtà kejì dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ dúró níbí kí ẹ rò ó. Bí ẹni tí ń lé ọ bọ̀ bá dẹ́kun à ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣé ó ti padà ni, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di irú èyí tí kì í dún? Wọn kò sọ ọ́ fún wa. Àwa fúnra wa ni a óò parí iṣẹ́ tí 150,000 dọ́là kò lè ṣe. Alice bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó wẹ̀yìn, kò rí nǹkan. Ewé mì lórí ògiri. Lẹ́yìn náà ni ohun kan bú sínú etí wa bí ẹranko tí ó fẹ́ fò mọ́ni. Bọ́ọ̀sì ni! Bọ́ọ̀sì tí ó dúró láti gbé e ni, tí ìdádúró rẹ̀ ń pariwo. Àwọn èrò fò sókè lórí ìjókòó wọn. Mark Robson tí ó gé fíìmù náà tí ó sì so ó pọ̀ ni ó fi ariwo náà sí ibi tí ó yẹ, títí di òní “bọ́ọ̀sì” ni àwọn oníṣẹ́ sinimá ń pe irú ìdẹ́rùbani bẹ́ẹ̀, tí ohun tí kò léwu fi ń mú àyà wa já. Ẹ má sì ṣe rò pé ariwo ni agbára rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó ṣáájú ni ó mú kí a ṣí etí sílẹ̀ gbayawu. Bọ́ọ̀sì kàn kọjá níbẹ̀ ni.

Ní ìgbà mìíràn Alice ń lúwẹ̀ẹ́ nìkan nínú odò àtọwọ́dá kan lábẹ́ ilé, ní òru. Omi ń ta ìmọ́lẹ̀ sára ògiri, ẹranko ń kùn níbi kan, òjìji kan ń rìn yíká. Tourneur sọ nígbà tí ó pẹ́ pé ìkúùkù ọwọ́ òun ni òun gbé síwájú iná láti fi ṣe òjìji náà. Nígbà tí iná tàn, Irena ni ó dúró síbẹ̀ tí ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n aṣọ tí Alice bọ́ sílẹ̀ ti ya pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà kò farabalẹ̀. Wọ́n ní kí a rí ẹkùn dandan, a sì fi ẹkùn gidi sí ibì kan nínú sinimá náà, nínú ọ́fíìsì. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀rù mi ti dínkù jù, nítorí mo ti rí bí ẹkùn náà ti tóbi tó.

Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn rìn ní ọ̀nà náà. Nínú Psycho, ní 1960, Alfred Hitchcock lo ọjọ́ 7 láti ya ìran kan tí wọ́n ti pa obìnrin kan níbi tí ó ti ń wẹ̀. Ọ̀bẹ ń gòkè, ọ̀bẹ ń sọ̀kalẹ̀, àwòrán ń yí padà kíákíá, gòjé òyìnbó sì ń ké fíofío. Ẹni tí ó wò ó máa ń búra pé òun rí ọ̀bẹ wọ ara, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú rẹ̀ ni ó tàn án. Hitchcock kò tilẹ̀ fẹ́ orin níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bernard Herrmann ni ó kọ ọ́, tí ọ̀gá rẹ̀ sì yí ọkàn padà nígbà tí ó gbọ́ ọ. Ní 1974 Steven Spielberg ń ṣe Jaws, ìtàn ẹja ekurá apanijẹ kan. Ẹja tí wọ́n fi irin ṣe náà kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú omi iyọ̀ òkun, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣírò sí ọjọ́ 55 sì di 159. Kí ni kí ó ṣe? Ó ń ya ojú omi. John Williams fi ohùn orin méjì péré sí i, èyí tí ń lọ tí ó sì ń bọ̀, a sì mọ̀ pé ẹja náà ń bẹ nísàlẹ̀ níbi tí a kò rí nǹkan kan ju omi lọ.

Èyí tí ó lọ jìnnà jù ni The Blair Witch Project, tí ó jáde ní 1999. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta wọ igbó kan ní Maryland ní Amẹ́ríkà láti wádìí ìtàn àjẹ́ kan, wọn kò sì jáde mọ́. Àwọn òṣèré náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ayàwòrán lọ́wọ́ fún bí ọjọ́ 8. Ní òru àwọn tí ó darí eré a wá máa pariwo yí àgọ́ wọn ká, wọ́n sì ń dín oúnjẹ wọn kù lójoojúmọ́ kí ìbínú àti àárẹ̀ ojú wọn lè jẹ́ òtítọ́. Ìnáwó rẹ̀ kò tó nǹkan. Owó tí ó mú wọlé ju 240 mílíọ̀nù dọ́là lọ. A kò rí àjẹ́ náà títí ó fi parí. Ohun tí a rí kẹ́yìn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó dúró nínú ilé ahoro, tí ó kọjú sí igun ògiri tí ó sì kẹ̀yìn sí wa.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, n kò rí ẹ̀bi kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tà á ṣe ohun tí Robertson kọ̀ láti ṣe ní 200 ọdún ṣáájú wọn. Wọ́n lẹ ìwé kiri pé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta náà sọnù ní tòótọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ìwé ìròyìn ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́. Àwọn kan kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ìyá ọmọbìnrin tí ó wà nínú wọn, wọ́n ń bá a dárò ọmọ rẹ̀ tí ó kú. Nígbà tí lẹ́tà wọ̀nyí sì ń dé, ọmọ náà wà láàyè.